Kọ́kọ́rọ́ Yàrá Gbajúmọ̀

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Oṣù Karùn-ún, 2025

Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan láti Mushin wá wo Ibi Mímọ́ lónìí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń pe yàrá yẹn nínú ìwé yìí — Ibi Mímọ́. Níta, "Yàrá Bàbá" ni. Múyìwá ọmọ mi, Alága Àjọ Ìrántí, ti fi okùn pupa dí inú ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà fara kan bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀dì tí káfíńtà tún kàn ní Pápá Àjàó! Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló kù tó jẹ́ ti àtijọ́. Fóòmù orí rẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi tà á, aṣọ ni wọ́n fi bò ó. Táìpúráítà wà lórí tábìlì — ọkọ mi ò fọwọ́ kan táìpúráítà rí láyé rẹ̀, báírò ló fi kọ gbogbo ohun tó kọ. Àwọn ọmọ ń yà á ní fọ́tò. Ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún sí i.

Mo ṣàlàyé, mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, tíṣà wọn dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́. Ó ní, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá, mà. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere."

Wọ́n kí mi, mo dáhùn. Ta ni wọ́n máa dọ̀bálẹ̀ kí tí kò ní dáhùn? Kí n tó mọ ohun tí mò ń sọ, mo ti ní, "Ẹ ṣeun, a ò ní fi irú ẹ̀ san án fún yín." Tíṣà dìde, ó gbọn eruku kúrò lórúnkún, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ.

Gbajúmọ̀ wà ní bọ́ìsì kọ́tà lẹ́yìn ilé. Ó ń mu ògì lọ́wọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 4 Oṣù Karùn-ún

Ọ̀rọ̀ tíṣà yẹn wá sí mi lọ́kàn nígbà ìwàásù. Mo fi áńkáṣífù bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà bọ́ jáde. Jemimah, Ìyá Ìjọ wa, rò pé mò ń sunkún, ó sì ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Karùn-ún

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí kó tó di pé irọ́ gbé òótọ́ mì lọ́wọ́ mi.

Gbajúmọ̀ ni ọkọ mi, Julius Ògúntádé, òǹkọ̀wé. Rọpárọsẹ̀ kọ lù ú lọ́dún méjì sẹ́yìn. Alága gbé e lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní Abuja. Kò pẹ́ sígbà náà tó sọ yàrá bàbá rẹ̀ di ibi ìwòran, tí ìjọba náà sì wá kan pátákó mọ́ géètì wa pé ilé ìtàn nìyí, ọ̀kan nínú àwọn pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tó kù ní Yábàá. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún yìí, ìyàwó Alága ní òun ò lè tọ́jú arúgbó mọ́. Wọ́n gbé e padà wá. Yàrá rẹ̀ ti ní okùn pupa. Níbo ni ká gbé e sí? Bọ́ìsì kọ́tà.

Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó ti dé. Àwọn aládùúgbò wa àtijọ́ ti ta ilé wọn, họ́sítẹ́ẹ̀lì àti ṣọ́ọ̀bù fóònù ló yí wa ká. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Abuja ni wọ́n mọ̀ pé ó wà. Àwọn aláwòran ńkọ́ — ẹni tí wọ́n ka ìwé rẹ̀ nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, ta ló máa ń rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣì wà láyé?

Àwọn tó wá lónìí béèrè bó ṣe kú. Mo ní ọwọ́ mi ló kú sí. Mo ní ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Beulah, ìwọ lo ràn mí lọ́wọ́ tí mo fi kọ gbogbo rẹ̀." Obìnrin kan yọ gèlè rẹ̀, ó fi nu ojú. Wọ́n béèrè ibojì. Mo ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn bàbá rẹ̀, lábẹ́ igi ọsàn. Igi ọsàn wo? N kò mọ̀. Irọ́ ń dùn lẹ́nu bíi gúgúrú, èèyàn á kàn máa bù ú.

Ọjọ́rú, 7 Oṣù Karùn-ún

Gbajúmọ̀ tún béèrè yàrá rẹ̀. Mo ní wọn ò gba arúgbó síbẹ̀ mọ́, àfi aláwòran.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Oṣù Karùn-ún

Haleemah ní Bàbá ń béèrè awò ojú. Haleemah ni obìnrin tó ń ti Mushin wá láràárọ̀ láti wẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ ló gùn. Mo ní awò ojú ti di ohun ìrántí. Ó wà lórí pílò ní Ibi Mímọ́, lórí Bíbélì kan tí wọ́n ṣí sílẹ̀, Bíbélì tí Gbajúmọ̀ kò kà láti bí ọgbọ̀n ọdún. Haleemah ní, "Ṣùgbọ́n wọn ò ríran, Mọ́mì." Mo ní kí ni ó fẹ́ wò ní bọ́ìsì kọ́tà.

Ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan ló kù lẹ́nu rẹ̀. "Yàrá" ló mọ̀ ọ́n sọ jù. "Yàrá mi." Mo mọ ohun tó ń wá. Inú yàrá yẹn ni bàbá rẹ̀ kú sí, inú rẹ̀ ni bàbá bàbá rẹ̀ tó kọ́ ilé yìí kú sí. Àtìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ ló ti ń sọ pé ibẹ̀ ni òun náà máa gbà lọ. Ìyẹn nìkan ló kù tó ń fẹ́ láyé.

Lọ́wọ́ mi sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Mo so ó mọ́ ọrùn.

Lọ́dún 1981 ló kọ *Ilé Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ*. Gbogbo ẹni tó gbọ́ Yorùbá ló kà á. Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ, ìyàwó tíṣà àgbà kan: ó ń gbé ìdí rìn, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ó ń gé ara ilé jẹ lẹ́sẹ̀, ó ń sunkún lórí ọbẹ̀ tó kan. Gbogbo ohun tí mo bá a sọ lórí bẹ́ẹ̀dì, nínú yàrá tiwa, ló kó síbẹ̀. Oyún tó bà jẹ́ lára mi — èyí tó tẹ̀ lé Múyìwá, tí n kò sì rí òmíràn bí mọ́ — ó kó o síbẹ̀ pẹ̀lú. Ó fi pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mo ka ojú ewé yẹn ní yàrá àwọn tíṣà ní ilé ìwé Àgùdà tí mo ti ń kọ́ni, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń wò mí láti mọ̀ bóyá màá rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín. Títí mo fi fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ ilé ìwé ń ké "kuá, kuá" tí mo bá ti yí ẹ̀yìn padà.

Mo sọ fún un pé ó dùn mí. Ó ra àgádágodo. Ó ní òun nílò ìdákẹ́jẹ́ láti fi kọ apá kejì. Mo kó pílò mi jáde lọ́jọ́ yẹn, n kò sì sùn síbẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, nígbà tí Haleemah lọ, mo tẹ̀ mọ́ Gbajúmọ̀ létí. Mo ní, "Bẹ̀ mí. Pe orúkọ mi, kí o bẹ̀ mí, màá gbé ọ wọ yàrá rẹ." Ó yí ojú sí ibi tó rò pé mo wà, ó pa ẹnu dé. Ẹnu tí kò pa dé nígbà tó yẹ kó pa dé!

Ìta la ti máa ń pè é ní "wọ́n". Nínú ìwé yìí, "ó" ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Oṣù Karùn-ún

Alága wọ ọkọ̀ òfuurufú wá láti Abuja. Mo sọ fún un pé àwọn èèyàn ń kí mi kú àṣẹ̀yìndè, mo sì ń dáhùn. Mo rò pé yóò pariwo mọ́ mi. Mo tiẹ̀ fẹ́ kó pariwo. Ó họ orí díẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ ná. Ẹ mọ̀ pé ayẹyẹ ti ìparí oṣù ti dé tán, àwọn fásitì ń bọ̀, àwọn tẹlifíṣọ̀n ń bọ̀. Tá a bá ní Dádì ṣì wà, wọ́n á ní ká gbé wọn jáde. Ṣé bí wọ́n ṣe wà yẹn la máa gbé jáde?"

Ó wá sọ fún mi pé ẹni tó ń gbẹ́ òkúta ìrántí ti béèrè ọdún tí wọ́n kú. Ó ti fún un ní 2023. Mo ní báwo. Ó ní, "Ọdún tí àìsàn yẹn dé. Ní tèmi o, Mọ́mì, àtìgbà yẹn ni Dádì ti lọ."

Ó yọjú sí bàbá rẹ̀ ní bọ́ìsì kọ́tà. Kò jókòó. Ó ní ibẹ̀ ń móoru, kí n ra fáànù.

Ọmọ tí mo bí ti le jù mí lọ. Inú mi dùn sí i díẹ̀, ó sì bà mí lẹ́rù díẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 11 Oṣù Karùn-ún

Ẹnìkan ní ìjọ ti rí i lórí Fésíbúùkù, fọ́tò èmi àti tíṣà Mushin yẹn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìdárò lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ka orúkọ mi mọ́ ti àwọn opó nínú àdúrà. Ìyá Ìjọ bínú sí mi lẹ́yìn ìsìn: "Ẹ̀gbọ́n, irú nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀ ní Abuja, ẹ wá pa á mọ́ra? Àwa wá ńkọ́?" Ó ní wọ́n ń bọ̀ nílé.

Mo lè sọ fún un níbẹ̀. Ojú tó fi wò mí rọ̀ bí ojú ẹni tó fẹ́ràn mi. N kò sọ.

Ọjọ́rú, 14 Oṣù Karùn-ún

Wọ́n dé lọ́sàn-án, Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá, gbogbo wọn nínú aṣọ funfun, Ìyá Ìjọ níwájú. Mo ti we gèlè dúdú sílẹ̀ dè wọ́n, èyí tí mo rà nígbà ikú àbúrò mi. Mo jókòó ní pálọ̀, mo tẹ orí ba. Wọ́n ń kúnlẹ̀ kí mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run á dáwọ́ rẹ̀ dúró. Mo ń dáhùn, mo ń dáhùn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé omi jáde lójú mi lóòótọ́. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti di ọwọ́ mi mú bẹ́ẹ̀ yẹn.

Ìyá Ìjọ ní bó tiẹ̀ jẹ́ pé Bàbá bá ìjọ jà tí wọn ò wá mọ́, Ọlọ́run mọ tiwọn. Ó dá orin ìsìnkú. Wọ́n kọ ọ́ dáadáa, ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ẹsẹ kejì ni mo gbọ́ ọ — kò, kò, kò. Gbajúmọ̀ ń fi ṣíbí lu ògiri bọ́ìsì kọ́tà. Gbogbo wọn gbọ́ ọ. Ìyá Ìjọ yí ojú sí mi. Mo ní káfíńtà ni, pé Múyìwá ní kó wá tún ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣe. Ó ní, "Káfíńtà ò mọ̀ pé ilé ọ̀fọ̀ nibí ni?" Mo ní ẹ má bínú. Mo dìde, mo lọ gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ojú rẹ̀ kún fún omi. Orin yẹn, bàbá rẹ̀ tó jẹ́ kátíkíìsì ló kọ́ ọ. Mo ní, "Ìwọ ni wọ́n ń sin. Fetí sílẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́ dáadáa." Mo padà sí pálọ̀, mo bá wọn parí ẹsẹ tó kù.

Inú mi dùn. Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí. Inú mi dùn débi pé mo jẹ mọ́ínmọ́ín tí wọ́n gbé wá láìṣẹ́ ọ̀kan kù.

Ọjọ́bọ̀, 15 Oṣù Karùn-ún

Ó ti tó etí ìgbọ́ Haleemah. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì pẹ̀lú báfù lọ́wọ́, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, alààyè ni mò ń wẹ̀ o. Ẹ má sọ mí di ẹni tó ń wẹ òkú."

Mo ní kó wẹ ohun tó bá bá níbẹ̀. Ó wẹ̀ ẹ́. Kò kí mi kó tó lọ, èmi tí mo tó bí ìyá rẹ̀ lọ́mọ. Ó dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Oṣù Karùn-ún



Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì wá. Mo dúró lẹ́bàá okùn, mò ń sọ fún wọn bí Bàbá ṣe máa ń jí kọ̀wé lórí tábìlì yẹn kí ìlú tó jí, ni mo gbọ́ nǹkan tó ń wọ́ nílẹ̀. Gbajúmọ̀ ni. Ó ti fi ìdí wọ́ láti bọ́ìsì kọ́tà, ó gba àgbàlá kọjá, ó gba kíṣìnnì, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fa ẹsẹ̀ tó kú lẹ́yìn bí àpò. Ó fẹ̀yìn ti ògiri ní ẹnu ọ̀nà Ibi Mímọ́. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti bó. Lókè orí rẹ̀ gan-an ni Alága gbé fọ́tò ńlá yẹn kọ́, Gbajúmọ̀ lọ́mọ ogójì ọdún, pẹ̀lú táì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wo fọ́tò, wọ́n wo arúgbó. Kò sí ẹyọ ẹnìkan tó fi ojú wé ojú.

Ọ̀kan béèrè ẹni tó jẹ́. Mo ní àbúrò Bàbá ni.

Ó ní, "Yàrá." Ó na ọwọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sí bẹ́ẹ̀dì. "Yàrá mi."

Mo ní, "Ṣé ẹ rí i? Ara rẹ̀ ò yá. Ó máa ń rò pé òun ni Bàbá."

Wọ́n káàánú. "Ẹ̀yàà," wọ́n ní. Ọmọbìnrin kan wá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, Motọ́lání ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Kúnlẹ̀ gidi, orúnkún méjèèjì lórí símẹ́ńtì. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú ará fẹ́ra kù, sà. Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí ẹ̀gbọ́n yín lò." Mo rò pé yóò pariwo. Mo rò pé yóò gbá ọmọ náà létí. Ó wo ẹ̀yìn orí rẹ̀ tó tẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó gbé e lé orí ọmọ náà. Ó mi orí. "Àmín," ó ní.

Ó dáhùn. Wọ́n kí i kú ikú ara rẹ̀, ó sì dáhùn, nítorí pé ọmọ ló kúnlẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ti pọ̀ jù lára àwa méjèèjì.

Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí wọ́n lọ. Lẹ́yìn náà ni Haleemah àti ọkùnrin onífóònù òdìkejì ọ̀nà gbé e padà sẹ́yìn, mo sì rí i pé n kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọjọ́rú, 21 Oṣù Karùn-ún

Kò jẹun. Kò béèrè yàrá.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 Oṣù Karùn-ún

Kò jẹun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 Oṣù Karùn-ún

Haleemah ò wá, mo bọ́ Gbajúmọ̀ fúnra mi. Ṣíbí kejì ló dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Beulah."

Ohùn rẹ̀ ti há. Ó jìjàkadì pẹ̀lú èyí tó kù, ètè rẹ̀ ń wá a, òógùn bò ó. "Beulah. Jọ̀ọ́."

Láti 1981 ni mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti mọ ohun tí màá ṣe lọ́jọ́ tó bá sọ ọ́. Màá dìde, màá gbé ìdí yí yàrá po, màá ké "kuá, kuá" sí i lójú. N kò lè ké e. Mo nu ògì kúrò lágbọ̀n rẹ̀. Mo ní ó dáa. Mo ní màá gbé e wọlé.

Mo ní, àmọ́ ayẹyẹ wà lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, wọ́n ti kun ilẹ̀, wọ́n ti tẹ́ ibẹ̀. Kó jẹ́ kí wọ́n lọ tán. Ọjọ́ Àìkú tó bá tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ló máa sùn. Ó mi orí, ó tún di ọwọ́ mi mú.

Kí ló dé tí n kò gbé e lónìí? Kò sí aláwòran nílé. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn mi. Mo lè pe ọkùnrin onífóònù yẹn kó bá mi gbé e. Ìdáhùn rẹ̀ kò dára, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mò ń ka ìwé yìí: mo fẹ́ kó dúró díẹ̀. Èmi náà dúró. Kó tọ́ ọ wò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 Oṣù Karùn-ún

Mo yọ awò ojú kúrò lórí Bíbélì, mo fi sí i lójú. Ó wò mí pẹ́. Mo ti gbó ju bó ṣe rò lọ, mo rí i lójú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Mo dá awò ojú padà kí àwọn tó ń ṣe yàrá lọ́ṣọ̀ọ́ tó dé.

Ọjọ́bọ̀, 29 Oṣù Karùn-ún

Haleemah fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó pè mí sí ìta. Ó ní ẹsẹ̀ wọn ti tutù. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má dúró dìgbà kankan. Ẹ jẹ́ ká gbé wọn wọlé lónìí." Mo pe Alága lórí fóònù. Ó ní rárá, àwọn olódòdó ti to yàrá, àwọn ti ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn ilé ìwé ìròyìn. "Sunday, Mọ́mì. Ẹ ṣáà ti sọ Sunday fún wọn."

Mo di kọ́kọ́rọ́ mú lọ́rùn. Mo dúró níwájú ilẹ̀kùn yẹn títí ẹsẹ̀ fi ń dùn mí. Ó kù díẹ̀. Mo wá ní, Sunday ná.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 31 Oṣù Karùn-ún

Wọ́n ṣí aṣọ lójú òkúta. Julius Ògúntádé, 1938–2023. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Alága sọ̀rọ̀, ó sunkún níbi tó yẹ. Ó ní Mọ́mì ti ṣe wàhálà tó, pé láti òní lọ Àjọ ti gba olùtọ́jú tuntun, ọ̀gbẹ́ni kan tó kàwé nípa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́rùn mi níwájú gbogbo èèyàn, ó fi lé e lọ́wọ́. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín fún kámẹ́rà.

Wọ́n gbé mi jókòó sórí àga ńlá lábẹ́ tẹ́ńtì. Èrò tò wá kí mi. Haleemah gba ẹ̀yìn àga yọ, ó tẹ̀ mọ́ mi létí. Ó ní, "Mọ́mì, Bàbá ti dákẹ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ níwájú mi, ó ń retí ìdáhùn. Mo dá a lóhùn. Mo dá ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lóhùn. Ìlà yẹn gùn dé géètì. Gbogbo wọn ni mo dá lóhùn tán kí n tó dìde.

Ọjọ́ Àìkú, 1 Oṣù Kẹfà

Mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo bí lálẹ́ àná. Mo ní kó gba kọ́kọ́rọ́ padà, ká tẹ́ bàbá rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, bó jẹ́ wákàtí kan péré, kó lè ní inú yàrá yẹn ló gbà lọ. Ó gbé mi dìde. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ti sunkún, mo gbà. Ó ní, "Mọ́mì, tẹlifíṣọ̀n ń bọ̀ wá ya yàrá yẹn lọ́sàn-án Sunday. Olóògbé ni wọ́n mọ̀ wọ́n sí látọdún méjì sẹ́yìn. Kí la fẹ́ sọ pé ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì?" Ó ti bá ọlọ́kọ̀ kan sọ̀rọ̀. Àárọ̀ Monday ni yóò gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sí ìsìn, kò sí ìkéde. Haleemah wẹ̀ ẹ́ kó tó lọ.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe àfi ìgbà tí mo rí Ìyá Ìjọ lẹ́nu ọ̀nà. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, "Jemimah, ọkọ mi kú lánàá." Kedere ni mo sọ ọ́. Ó gbá mi mọ́ra.

Ó ní, "Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ó ti tó ọdún márùn-ún tí tèmi ti lọ, bí àná ló ṣe ń rí lára mi."

Mo ní rárá. Mo ní, "Àná tó jẹ́ Sátidé. Ó wà ní bọ́ìsì kọ́tà. Òun ló ń lu ògiri lọ́jọ́ tí ẹ wá." Mo ní ó bẹ̀ mí, mo sì ní kó dúró. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ẹkún gbà mí, n kò ráyè mí. Ó ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn, ó ní, "Ó tó, ó tó, Ẹ̀gbọ́n. Ayẹyẹ àná ló tún ru gbogbo rẹ̀ sókè." Ó wo àwọn ìyá yòókù lókè orí mi, ó mi orí.

Ó ní kí méjì nínú wọn sìn mí délé. Wọ́n wọ inú ilé pẹ̀lú mi, wọ́n tú gèlè mi, wọ́n tẹ́ mi sórí àga gbọọrọ ní pálọ̀, wọ́n bu omi fún mi. Ọ̀kan yọjú wo inú Yàrá Bàbá, ó ní ó mọ́, ó wuni. Mo ní kí wọ́n lọ wo ẹ̀yìn. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ lọ wo ẹ̀yìn. Wọ́n ní kí n sùn. Wọ́n dúró tì mí títí mo fi di ojú, lẹ́yìn náà wọ́n rọra pa ilẹ̀kùn iwájú dé, wọ́n sì lọ. Wọn ò dé ẹ̀yìn.